Irin Tí Wọ́n Fi De Ọkọ̀ Pupa

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ Evelyn ṣí fúnra rẹ̀ ní kọ́nà kan nítòsí Stadium ní Súrùlérè, Abọ́sẹ̀dé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sórí títì. Ọ̀sán gangan ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Evelyn kàn ń yí sítíárìn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó gbọ́ tí nǹkan ró kọ̀ọ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀, ilẹ̀kùn sì là gbayawu. Báàgì Abọ́sẹ̀dé fò jáde, ìwé àwọn ọmọ iléèwé tú ká sórí ọ̀dà. Evelyn gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá mú, ó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn sì ku díẹ̀ kó kọ lù wọ́n.

"Jésù! Evelyn, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án! Abọ́sẹ̀dé, mi ò fọwọ́ kàn án rárá."

Abọ́sẹ̀dé sọ̀ kalẹ̀, ó ṣa ìwé rẹ̀, ó ní òun ò tún wọ ọkọ̀ yìí mọ́ láyé òun, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Iléèwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Yaba ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe tíṣà. Ọdún 1975 ni, ọdún tí owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù, tẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Àwọn kan ra fíríìjì, àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan fẹ́ ìyàwó kejì. Evelyn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, tí kò tíì lọ́kọ, ra ọkọ̀ pupa kékeré kan, oníjòókòó méjì, tí kò ní òrùlé kankan ju tapólì dúdú tí wọ́n máa ń ká sẹ́yìn. Sípọ́ọ̀tì gidi, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn, àwọn ọmọdé sá jáde nínú ìsìn láti wá wò ó. Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní jókòó nínú ọkọ̀ tí atẹ́gùn á ti gba gèlè lórí òun. Evelyn ò bá a jiyàn. Bó bá ti jí láàárọ̀, ojú fèrèsé ló kọ́kọ́ ń lọ, kó lè wò ó bóyá ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Gbádé ló tà á fún un. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ní Yaba ni, òun àti Christopher, ẹ̀gbọ́n Evelyn, ni wọ́n sì jọ lọ iléèwé. Gbádé ní òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Nígbà tí Evelyn ròyìn ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn fún Christopher, ẹ̀rù ò bà á. Ìlúpéjú ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń bójú tó ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ló sì ti kó àrùn eré mọ́tò, nítorí kò sí Sátidé kan tí kì í lọ wo ibi tí wọ́n ti ń sá a. Ní báyìí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan máa ń to dúrọ́ọ̀mù òfìfo sí ọgbà ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé ní Ìlúpéjú, wọ́n á máa fi ọkọ̀ sáré lọ́ kiri láàárín wọn, wọ́n á máa wo aago láti mọ ẹni tó yá jù.

Ó gbé páálí bàtà Evelyn kan, ó ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò, ó di igun méjèèjì mú, ó sì lọ́ ọ. Páálí náà lọ́ bí aṣọ. Ó dá ìdérí padà, ó tún gbìyànjú. Kò lọ́ mọ́.

"Ṣé o rí i? Òrùlé ló máa ń mú kí ara ọkọ̀ le. Tìẹ ò ní òrùlé. Tó o bá ti wọ kọ́nà, ṣe ló ń lọ́, ìyẹn ni ilẹ̀kùn ṣe ń bọ́. Irin la máa fi dè é."

"Bùrọ̀dá, ṣé ilẹ̀kùn nìkan ni irin yẹn máa tọ́jú, àbí ọkọ̀ náà á tún dùn-ún wà sí i?"

"Á dùn-ún wà! Sítíárìn á máa gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu. Lọ bi Ambrose."

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Ambrose, ó ń gbé ní Yaba. Òun náà ra irú ọkọ̀ yẹn gan-an, aláwọ̀ ewé, lọ́wọ́ Gbádé kan náà. Christopher ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irin sínú tirẹ̀, láti ìgbà náà kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu Ambrose. Tẹ́ ẹ bá bá a lórí ìdúró, á sọ nípa irin. Tẹ́ ẹ bá bá a níbi ìsìnkú, á sọ nípa irin.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Christopher lọ́sẹ̀ yẹn, kò ráyè ṣe ti àbúrò rẹ̀. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Àkàngbé, wẹ́dà kan ní Muṣin, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n nítorí iná tó ń wò. Àkàngbé gbọ́ àlàyé tán, ó mi orí.

"Ọ̀gá Christopher, èmi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa mí díẹ̀. Ẹ wo lọ́ríì tó bá gbé ẹrù wọ kòtò, ṣebí ara rẹ̀ máa ń fì ni. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó dá."

"Lọ́ríì nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ ká dè é ná. Tí ò bá dáa, ẹ máa gé e kúrò."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ lọkọ̀."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi páìpù irin kan dábùú orí ẹ́ńjìnnì, láti òkè sípíríǹgì táyà ọ̀tún dé òkè ti òsì, ó jó o mọ́ ọn, ó sì fi bóòtù há a. Evelyn wa ọkọ̀ rẹ̀, Christopher fi tirẹ̀ gbé Àkàngbé tẹ̀ lé e, wọ́n sì kó sọ́nà Ìlúpéjú lọ dán an wò láàárín àwọn dúrọ́ọ̀mù.

Evelyn mọ̀ ọ́n kó tó wọ kọ́nà kejì. Tẹ́lẹ̀, tó bá yí sítíárìn, ọkọ̀ náà á kọ́kọ́ dúró ná, bí ọmọ tó ń bi ìyá rẹ̀ pé ṣé kí òun lọ lóòótọ́, kó tó wá yí. Ní báyìí, bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí, imú ọkọ̀ ti lọ. Ó yí dúrọ́ọ̀mù kan, ó yí òmíràn, ó pariwo ayọ̀. Ó ní kí Àkàngbé wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó sì sáré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wẹ́dà náà sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí Christopher.

"Ẹ jàre mi. Mi ò mọ̀ pé irin kan ṣoṣo lè ṣe báyìí."

Christopher dì mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe túká pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ilé ni Evelyn ń lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ògúnlànà Drive, nígbà tí gíláàsì iwájú ọkọ̀ sán níwájú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òkúta kankan ò bà á. Ọkọ̀ kankan ò sí níwájú rẹ̀. Ó kàn ń wò ó ni, ìlà náà sì ń gùn lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèrà ń gun ògiri. Nígbà tó dúró, ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ kọ̀, kò ṣí mọ́. Orí ilẹ̀kùn ló gbà jáde, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì fà ya.

Christopher ní kò sí wàhálà, ó ní ó ku irin ìsàlẹ̀ ni. Wọ́n ti de òkè, ó yẹ kí wọ́n de abẹ́ náà. Ó ní kó gbé e padà fún Àkàngbé ní Sátidé, òun kò ní lè tẹ̀ lé e nítorí ọjọ́ eré wọn nìyẹn, Ambrose sì ti ń halẹ̀ mọ́ gbogbo wọn láti ọjọ́ yìí.

Ní àárọ̀ Sátidé, Àkàngbé fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, ó sì gbé e lé igi mẹ́rin. Ó tú ìjókòó méjèèjì, ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnìkan ti da ọ̀dà dúdú bo gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀, ó nípọn. Àkàngbé mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á kí irin tuntun lè rí ojú dì mú. Evelyn jókòó sórí àpótí, ó ń máàkì ìwé.

Ó ṣàkíyèsí pé ìró ọ̀bẹ náà dáwọ́ dúró. Ó gbójú sókè. Àkàngbé wà lórí ìkúnlẹ̀, kò mira.

"Àǹtí," ó pè é, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ta ló ta ọkọ̀ yìí fún yín?"

"Gbádé ni, ní Yaba. Kí ló dé?"

"Ẹ wá wò ó."

Ojú ìsopọ̀ kan gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ náà kọjá, láti ìdí ilẹ̀kùn ọ̀tún dé ìdí ilẹ̀kùn òsì. Ó ti ya. Evelyn rí ilẹ̀ pupa Muṣin láti inú ibi tó ya náà, ó rí ìdérí ìgò kan tó wà nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ó na èékánná rẹ̀ síbẹ̀, èékánná náà wọlé.

"Kí lèyí?"

Àkàngbé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pátápátá, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo mọ ojú iná mi, Àǹtí, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú àwọn ọmọ mi. Èmi ni mo so ọkọ̀ yìí pọ̀. Ọkọ̀ méjì ni! Wọ́n gbá ọ̀kan láti ẹ̀yìn, ìkejì forí sọ igi. Mo gé iwájú èyí, mo gé ẹ̀yìn tọ̀hún, mo jó wọn mọ́ra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti rìn! Mùktárù onífọ́tò ló gbé e wá, ó ní àwọn oníbàárà òun ló máa máa jókòó sínú rẹ̀ ya fọ́tò. Ojú kan ló máa wà. Ó búra fún mi pé kò ní kúrò lójú kan."

Evelyn fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbi tó ya náà. Ó rántí ṣọ́ọ̀bù Mùktárù dáadáa. Gbogbo Muṣin ló mọ̀ ọ́n kó tó ta àwọn ẹrù ibẹ̀, kó ti í pa, kó sì kó lọ sí Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní fọ́tò ẹni tó gbé ọwọ́ lé sítíárìn, tó wọ awò dúdú, tó ń rẹ́rìn-ín bí olówó. Ọkọ̀ fọ́tò! Ọkọ̀ fọ́tò ni òun ń gbé gba Ìkòròdú Road, tí lọ́ríì ń bọ̀ níwájú, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó gbé ọmọ pásítọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ náà ń ní kó túbọ̀ sáré. 

"Mo dúpẹ́ pé ẹ gbé e wá," Àkàngbé ń sọ. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n níjọ́sí, àmọ́ dúdú ni ọ̀dà tí mo fi kùn ún nígbà yẹn, kì í ṣe pupa, mi ò rò ó rárá. Ó ku ìkejì."

"Ìkejì wo?"

"Ṣọ́ọ̀bù méjì ni Mùktárù ní. Mo ṣe ọ̀kan fún ti Muṣin, mo ṣe ìkejì fún ti Yaba. Ọ̀kan náà ni wọ́n, àfi pé àwọ̀ ewé ni wọ́n padà kun ìyẹn..."

Evelyn ò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ambrose!"

Tasí ni wọ́n wọ̀, Àkàngbé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti jó, Evelyn láìní bàtà lẹ́sẹ̀, nítorí ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó ń lu ìjókòó onítasí láti ẹ̀yìn. "Ẹ sáré, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀mí ni!" Onítasí náà sáré. Ìlúpéjú kò jìnnà sí Muṣin, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé e sẹ́yìn odò.

Wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ náà kí wọ́n tó wọ ọgbà. Àwọn ènìyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn ìyàwó kan ṣí agbòòrùn sórí. Christopher dúró láàárín wọn pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà sì ń bọ̀ láàárín àwọn dúrọ́ọ̀mù, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ó mọ́ lójú, ó dúró ṣinṣin bí ẹni pé okùn ló ń fà á.

"Bùrọ̀dá! Ẹ dá a dúró! Ẹ dá a dúró!"

Christopher gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó juwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí ọkọ̀ náà pé kó wo nǹkan.

Ambrose wọ kọ́nà tó kẹ́yìn pẹ̀lú eré tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi wọ̀ ọ́ rí. Iwájú ọkọ̀ náà yí. Ẹ̀yìn kò tẹ̀ lé e. Ìró rẹ̀ kò pọ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ya aṣọ tó nípọn. Ilẹ̀ ọkọ̀ balẹ̀, iná ṣẹ́ yẹ́ẹ́ lórí ọ̀dà, ìdajì ẹ̀yìn já kúrò, ó takìtì, ó gbá dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta, ó sì dojú dé pẹ̀lú táyà tó ń yí lókè. Ìdajì iwájú fi ìdí wọ́lẹ̀ lọ títí, ó fi kọ lu ògiri.

 Obìnrin kan ṣì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́, kò sì rántí láti yà wọ́n. Ohun tí gbogbo wọ́n ń gbọ́ ni epo tó ń dà ṣooro jáde láti ara ìdajì ẹ̀yìn.

Àkàngbé ló kọ́kọ́ sáré. "Yẹ̀ẹ̀pẹ̀! Ẹ da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sí epo yẹn! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu sìgá!" Ó dé ọ̀dọ̀ Ambrose kí àwọn tó kù tó mira. Ambrose jókòó sínú ìdajì ọkọ̀ náà, ó ṣì di sítíárìn mú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rangandan. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, àfi ojú ọ̀dà àti àwọn ènìyàn tó ń sáré bọ̀, ó kígbe. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti kán.

Christopher ò lè rìn dé ibẹ̀. Aago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ ohun kan náà ṣáá: "Èmi ni mo dè é. Evelyn, èmi ni mo de irin yẹn."

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ Ambrose, Christopher jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó dorí kodò. Evelyn ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Mùktárù fún àwọn méjèèjì. Ambrose ń wo òkè àjà. Ohun tó wá sọ ya Evelyn lẹ́nu.

"Christopher, ṣé o rí i bó ṣe wọ kọ́nà tó ṣáájú ìyẹn? Ṣé o rí i? Mi ò wa ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

Christopher bú sẹ́kún. "Irin yẹn ṣe ohun tí mo ní yóò ṣe," ó ń sọ láàárín ẹkún. "Mo mú iwájú rẹ̀ le. Gbogbo lílọ́ tí iwájú kò lọ́ mọ́, àárín ọkọ̀ níbi ìsopọ̀ ni mo dì í rù. Ó sì jẹ́ kó o máa sáré. Tí kì í bá ṣe irin yẹn, ẹ̀rù ì bá ti bà ẹ́, o ì bá má sáré bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ kọ́ lo tà á fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Christopher dìde. Òun àti Evelyn lọ sí Yaba láti ibẹ̀. Wọ́n bá Gbádé níwájú ibi tó ń to ọkọ̀ sí, ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì dìde láti kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Christopher ò jókòó. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé ọkọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú èyí tó tà fún àbúrò òun.

Evelyn retí pé á sẹ́. Ó retí kó ya á lẹ́nu, kó fi ọwọ́ lérí bí Àkàngbé.

"Mo rí ojú ìsopọ̀ náà nígbà tí mẹkáníìkì mi ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe," Gbádé dáhùn. "Mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà kún ti tẹ́lẹ̀. Ṣebí ó ń rìn? Àbí kò rìn?"

"Gbádé. Àbúrò mi ni."

"Mo mọ̀ pé àbúrò ẹ ni. Mo dín owó fún un."

Evelyn ti mọ ọkùnrin yìí láti kékeré. Ó ti jẹun nílé wọn, ìyá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ìrẹsì sí i láwo lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń wá ohun kan níbẹ̀, kò sì rí i. Gbádé kò bínú, kò tijú. Ó kàn ń dúró kí wọ́n lóye ọ̀rọ̀ òwò ni. Ó tilẹ̀ fi kún un pé òun lè gba èyí pupa padà, òun á rí ẹlòmíràn tà á fún.

Christopher gbá a létí, àwọn ènìyàn sì là wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí Ambrose ti mú ọlọ́pàá wá. Gbádé lọ sẹ́wọ̀n lẹ́yìn ẹjọ́ tó pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ nípa pípadà ta ọkọ̀ pupa náà ni kò jẹ́ kí Evelyn sùn.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ti ya fọ́tò ọkọ̀ náà tán tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, Evelyn lọ bá Àkàngbé ní Muṣin. Ọkọ̀ náà wà lórí igi mẹ́rin, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ gé e," ó ní. "Ẹ gé e sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má lè tún un tà."

"Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú? Mo lè wá ṣáàsì gidi sí abẹ́ rẹ̀—"

"Ẹ gé e, ẹ jọ̀ọ́."

Christopher dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkàngbé wọ awò iná rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi iná gé irin ìdábùú orí ẹ́ńjìnnì kúrò; iṣẹ́ tuntun ni, ó lágbára, ó pẹ́ kó tó já. Lẹ́yìn náà ló wá sí àárín. Ó gbé iná lé ojú ìsopọ̀ níbi ìdí ilẹ̀kùn ọ̀tún, Evelyn sì bojú wẹ̀yìn kí ìmọ́lẹ̀ náà má bàa ta á lójú.

Kò tíì yí orí tán nígbà tó gbọ́ ìró. Ìdajì méjèèjì ti já, wọ́n ti wó lulẹ̀ kúrò lórí igi. Àkàngbé dúró pẹ̀lú iná tó ṣì ń jó lọ́wọ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò tíì gé nǹkan kan," ó ní. "Àǹtí, mo kàn fi iná kàn án ni."

Evelyn wo ibi tó já náà. Ìpata ti jẹ ojú irin náà láti igun kan dé ìkejì, àyàfi ibì kan tó tó ìbú ìka méjì tó ń dán bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ibi tó ń dán yẹn nìkan ló so ọkọ̀ náà pọ̀ tó fi ń gbé e lọ sí iléèwé láràárọ̀, tó sì ń gbé e padà wálé.  Ó di ọwọ́ Christopher mú, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, nínú yẹ̀ẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí irin, láìsí ẹni tó lè dìde nínú wọn.